Èmi Ni Kí Ẹ Sọ Iye Fèrèsé Fún

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú ọdún 1981, nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ wọ Kàdúná, Abdulganiyu Bádéjọ gun alùpùpù Fẹ́sípà rẹ̀ dé iwájú ilé Bàbá Silas Olúdayọ̀ ní Kakuri. Ó fa téèpù yọ lápò. Ó rí ọmọbìnrin kan tó ń fi aṣọ tútù nu eruku ojú fèrèsé, ó wo orí rẹ̀ kọjá sínú ilé, ó sì fi èdè Hausa bèèrè pé:

"Sannu. Ina maigida?"

Mátà, ọmọbìnrin náà, dúró. Kàdúná ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Hausa dáadáa. Ó mọ̀ pé baálé ilé ni ọkùnrin náà ń wá. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi Yorùbá dá a lóhùn.

"Kí lẹ fẹ́ fi baálé ilé ṣe?"

"Haba, ọmọ Yorùbá ni yín! Ẹ kú ọyẹ́ o, sísí. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe fèrèsé onígíláàsì ni mo ti wá. Wọ́n ní ẹnì kan wá bá wa pé ká wá wọn ilé yìí, ká sì sọ iye tó máa jẹ́."

"Èmi ni ẹni náà."

"Mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ta ni mo máa bá sọ̀rọ̀ owó? Bàbá ńkọ́? Tàbí ọkọ yín?"

Mátà ju aṣọ tútù náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, omi ìdọ̀tí sì ta sí ṣòkòtò àlejò. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ bèèrè bẹ́ẹ̀. Káfíńtà kan tó pè wá sọ iye kan fún un láàárọ̀, nígbà tó di ọ̀sán tó gbọ́ pé kò sí ọkùnrin tó máa bá a dúnàádúrà, ó sọ iye náà di ìlọ́po méjì. Wẹ́dà kan tó tẹ̀ lé e ní òun kì í bá obìnrin dúnàádúrà. Nígbà tí Mátà sọ pé òun kò ní ọkọ, ó ní òun lè fẹ́ ẹ.

"Ẹ gbọ́, ọ̀gbẹ́ni," ni Mátà wí. "Èmi ni mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n fi ń sanwó fún mi. Èmi ni mo fẹ́ ra fèrèsé. Èmi ni kí ẹ sọ iye rẹ̀ fún. Bí ẹnu yín ò bá gbà láti sọ iye owó fún obìnrin, Fẹ́sípà yín nìyẹn, ẹ gùn ún kẹ́ ẹ máa lọ!"

Ní àkókò yẹn gan-an ni ikọ́ kan bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Ikọ́ náà kò fẹ́ tán. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ń fa àpò ìrẹsì lórí símẹ́ǹtì. Ìbínú kúrò lójú Mátà, ó sáré wọlé.

Nígbà tó jáde padà, ọkùnrin náà ti bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "yàrá wo ni bàbá ń sùn?"

Ìtàn àìsàn Bàbá Silas kò ṣòroó sọ. Ìsánlú ni wọ́n ti wá. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ ìhunṣọ ní Kakuri, nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́n òwú. Eruku òwú tó mí sínú kò jáde mọ́. Wọ́n fún un ní aago ọwọ́ lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, ó wọ̀ ọ́ délé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Mátà ọmọ rẹ̀ nìkan ló kù pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀yìn àwọn iléeṣẹ́ náà ni ilé wọn wà, pákó ni fèrèsé rẹ̀, pákó náà sì ti gbẹ, ó ti là. Òwú ń ti ìta wọlé, eruku ọyẹ́ ń tẹ̀ lé e, ariwo ẹ̀rọ kì í sì jẹ́ kí bàbá fojú ba oorun. Dókítà ti wí fún Mátà pé bí eruku kò bá dín kù nínú yàrá náà, kí ó má retí pé bàbá máa rí ọyẹ́ púpọ̀ sí i.

Ilé ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀, òyìnbó obìnrin kan, ni Mátà ti rí fèrèsé tó ń wá. Gíláàsì méjì ni wọ́n so pọ̀ nínú férémù kan ṣoṣo, tí afẹ́fẹ́ sì wà láàárín wọn. Bí wọ́n bá ti pa á dé, inú ilé á dákẹ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Láti ọjọ́ náà ni kò ti ronú nǹkan mìíràn.

Abdulganiyu wọn gbogbo ilé, ó jókòó sórí Fẹ́sípà rẹ̀, ó ṣírò, ó sì sọ iye rẹ̀ fún Mátà. Fún Mátà fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́, ó sì wò ó lójú.

"Kí lẹ wí?" Mátà kígbe. "Ṣé ilé náà lẹ fẹ́ rà ni?"

Ó lé e lọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Fẹ́sípà náà tún dé.

"Mo ti ronú sí i," ni ọkùnrin náà wí kí Mátà tó sọ̀rọ̀. "Ẹ má ṣe gbogbo ilé. Ẹ ṣe gíláàsì méjì sí yàrá bàbá nìkan, fèrèsé méjì àti ilẹ̀kùn kan. Ẹ jẹ́ ká fi ihò kékeré sílẹ̀ lókè pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì tó nípọn, kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Pálọ̀ àti yàrá yín, káfíńtà rere lè tún un ṣe. Ọ̀gá mi ò gbọdọ̀ gbọ́ pé mo sọ bẹ́ẹ̀ o."

Iye tó sọ lọ́tẹ̀ yìí, apá Mátà lè ká a tó bá fún ara rẹ̀ ní sùúrù. Ó wò ó tìfura-tìfura.

"Kí ló dé tí ẹ padà wá?"

"Láti ìgbà tí ẹ ti bú mi, ọkàn mi ò kúrò níbí. Mo ní kí n wá wò ó bóyá inú ṣì ń bí yín."

"Ó ṣì ń bí mi."

"Ó dáa. Ó yẹ yín."

Mátà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó yáa wọlé kí ọkùnrin náà má baà rí ẹ̀rín náà.

Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí Mátà lọ sí ọjà Pánteká láti bèèrè iye ilẹ̀kùn pálọ̀, Gàníyù, bí ó ti ń pe Abdulganiyu báyìí, bá a lọ. Kò dá sí i. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ dání, ó ń wò bí ó ṣe ń fi Hausa bá àwọn ọlọ́jà jà, tó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ lọ, tí wọ́n ń pè é padà. Nígbà tí ọlọ́jà kan yí sí Gàníyù pé kí ó bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, Gàníyù ní, "Wallahi, èmi gan-an ń bẹ̀rù rẹ̀." Lọ́jọ́ náà ni Mátà mọ̀ pé òun ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bí i nínú pé ó rí bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn.

Wọn a máa jẹ másà, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá odò Kàdúná lẹ́yìn iṣẹ́. Gàníyù sọ fún un pé Tudun Wada ni wọ́n bí òun sí, pé ará Ọ̀fà ni bàbá òun, rélùwéè ló gbé e wá, pé ìyá òun nìkan ló kù. Ó bèèrè oríkì rẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?" ni Mátà wí. "Ìyá mi nìkan ló máa ń pè mí bẹ́ẹ̀."

"Sọ ọ́ fún mi. Mi ò ní bà á jẹ́."

"Àbẹ̀ní."

"Àbẹ̀ní mi," ni ọkùnrin náà wí, ó sì tún un wí lẹ́ẹ̀kan sí i, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tọ́ oyin wò. "Àbẹ̀ní, mo fẹ́ fẹ́ ọ. Mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì lò ń lọ, mọ́sálásí ni èmi ń lọ. Mi ò ní kí o kúrò ní tìrẹ."

Ṣùgbọ́n ilé Olúdayọ̀ kò gbọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá Silas jẹ́ díákónì. Nígbà tí Mátà sọ fún un, ó pa Bíbélì rẹ̀ dé.

"Mi ò kórìíra ọmọ náà," ni ó wí. "Ó mọ ènìyàn í kí. Ṣùgbọ́n kí ni màá sọ fún ìjọ?"

Àbúrò bàbá, Emmanuel, kò dákẹ́ ní tirẹ̀. Ọ̀gá ni ní míníísìrì kan, òun ló rán Mátà lọ sí ilé-ìwé tí àwọn tíṣà ti ń kọ́ṣẹ́, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé oore náà.

"Mùsùlùmí!" ni ó ké. "Ọmọ díákónì! Kí ojú ó tì ọ́, Mátà. Àti ọ̀rọ̀ fèrèsé yìí pàápàá, ta ló ní kí obìnrin máa rìn káàkiri ìlú, kó máa bèèrè iye gíláàsì lọ́wọ́ ọkùnrin? Ibẹ̀ náà ni o ti lọ rí ìyẹn. Láti òní lọ, èmi ni màá máa bá iléeṣẹ́ náà sọ̀rọ̀."

"Bàbá kékeré, èmi ni mo fẹ́ sanwó."

"Owó rẹ ni mo gbọ́. Ṣé o ní ẹnu tí wọ́n máa gbọ́ ni?"

Mátà fi ìbínú jẹun, ó fi ìbínú sùn. Ó yà á lẹ́nu nígbà tí Bàbá kékeré padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Ó ní òun ti gbàdúrà sí ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn; Ọlọ́run kan náà ló dá gbogbo wa; òun máa bá ẹ̀gbọ́n òun sọ̀rọ̀. Ó ní òun náà ti bá iléeṣẹ́ parí ọ̀rọ̀ fèrèsé, iye rẹ̀ nìyí.

Iye náà ga ju èyí tí Gàníyù ti sọ tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa.

"Gíláàsì ti gbówó lórí ní èbúté," ni Gàníyù wí nígbà tí Mátà bèèrè. Ilẹ̀ ni ó ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Mátà rò pé ojú ń tì í ni nítorí ọ̀gá rẹ̀.

Ìfẹ́ ni kò jẹ́ kí ó bèèrè sí i. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, èyí tó máa ń fi epo nù lóṣooṣù, ó gbé e lọ sọ́jà, ó tà á. Ó sunkún nínú bọ́ọ̀sì láti ọjà títí dé Kakuri.

Kí ó tó san owó náà, ó yà sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ láti wo àwọ̀ nẹ́ẹ̀tì. Gàníyù kò sí níbẹ̀. Akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Rashidat ló jókòó, kò mọ Mátà rí. Mátà ti bèèrè iye nǹkan káàkiri Kàdúná débi pé ẹnu rẹ̀ ń bèèrè fúnra rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, fèrèsé méjì onígíláàsì méjì, pẹ̀lú ilẹ̀kùn kan, fún yàrá kan, èló ni?"

Rashidat sọ iye rẹ̀. Iye àkọ́kọ́ tí Gàníyù sọ gan-an ni.

"Ṣé gíláàsì kò tíì gbówó lórí ni?"

"Gbówó lórí kẹ̀? Iye yẹn náà ni láti ọdún tó kọjá."

Mátà sún mọ́ tábìlì rẹ̀. "Mo gbọ́ pé ẹ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn kan ní Kakuri."

Rashidat bú sẹ́rìn-ín. "Kai, ti Kakuri! Ìyẹn yàtọ̀. Ọ̀gá kan láti míníísìrì ló ní ká fi nǹkan lé e fún òun. Gàníyù wa ló mú un wá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìyàwó wà nídìí rẹ̀."

Mátà kò mọ bí òun ṣe jáde. Takisí ló gbé e lọ sí Hayin Banki, níbi tí wọ́n sọ pé Gàníyù ti ń so fèrèsé mọ́ ilé tuntun kan. Ó bá a pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́, gíláàsì ńlá kan wà lọ́wọ́ wọn.

"Èló ni èmi?" ni Mátà bèèrè.

Gbogbo wọn yíjú. Gàníyù rọra gbé gíláàsì náà ti ògiri.

"Àbẹ̀ní, kí ló—"

"Má pè mí bẹ́ẹ̀! Mo ní èló ni èmi? Ìwọ àti Bàbá kékeré jókòó, ẹ ṣírò mi mọ́ fèrèsé. Ẹ sọ fún mi, kí n lè mọ iye tí mo jẹ́."

Ojú Gàníyù dà bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Kì í ṣe ìwọ!"

"Gbọ́ mi, mo bẹ̀ ọ́. Òun ló ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní bí mo bá fi nǹkan lé e fún òun, òun á bá bàbá sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbà mí. Bí mo bá kọ̀, òun á rí i pé ẹsẹ̀ mi ò tún tẹ Kakuri mọ́. Mo rò pé kọmíṣọ̀n mi máa dí i, pé màá fún ọ padà lẹ́yìn tí a bá ṣègbéyàwó. Mi ò fẹ́ pàdánù rẹ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn, wallahi."

"Mo ti ta ẹ̀rọ màmá mi."

"Ẹ̀rọ wo?"

"Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Mo tà á kí owó yín lè pé."

Gàníyù jókòó sílẹ̀ nínú eruku símẹ́ǹtì. Kò mọ̀. Mátà rí i pé kò mọ̀, ìyẹn kò sì dín ìbínú rẹ̀ kù rárá.

"Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà wa," ni ó wí, "o ń wá ọkùnrin tí o máa bá sọ̀rọ̀ owó. O kúkú rí i. Ìgbà tí mo rò pé o dúró lẹ́yìn mi ní Pánteká, ẹ̀tàn ni. Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ."

Ó kọjú sí títì. Gàníyù ń pè é, kò wẹ̀yìn.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Emmanuel wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Mátà kò gbé oúnjẹ fún un. Ó dúró sí àárín pálọ̀, ó sì ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà lójú bàbá rẹ̀.

Emmanuel kò sẹ́. "Ta ló san owó ilé-ìwé rẹ?" ni ó fi dáhùn. "Ta ló ń sáré kiri nítorí yín? Ẹni tó bá wà nídìí pẹpẹ, ṣé kì í ṣe níbẹ̀ ni yóò ti jẹ ni? Gbogbo ìlú ló ń ṣe é."

"Ẹ bá ti béèrè owó náà lọ́wọ́ mi!" Mátà pariwo. "Ẹ bá ti ní, 'Mátà, mo fẹ́ gba èrè ohun tí mo ṣe fún ọ.' Ẹ wá gba ẹ̀yìn mi lọ tà mí!"

"Ṣé èmi lò ń pariwo mọ́? Bàbá Mátà, ṣé ẹ ń gbọ́ ọmọ yín?"

Bàbá Silas ti ń gbìyànjú láti dìde. Mátà sáré lọ dì í mú, bàbá tì í sẹ́yìn. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó di àga mú.

"Emmanuel," ni ó wí, ó ń mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀rọ̀, "afẹ́fẹ́ tí mo fẹ́ mí sínú, òun lo fi ń ṣòwò?"

Emmanuel wo ilẹ̀.

"Ìgbà tí bàbá wa kú, ẹ̀yìn mi ni mo fi pọ̀n ọ́. Mo fọ́n òwú kí o lè kàwé. Òwú yẹn ló wà láyà mi yìí. Kúrò lójú mi kí ikọ́ yìí tó tún gbé mi."

Emmanuel mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé Gàníyù àti ìyá rẹ̀ tí wọ́n ń bọ̀. Kò kí wọn.

Gàníyù dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá Silas. Kò di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni. Ó sọ ohun tí òun ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìyá rẹ̀ sì ń fi etí ìborùn nu ojú. Ó ní òun ti lọ bá ọ̀gá òun, wọ́n ti dá iye owó náà padà sí bó ṣe yẹ kó rí. Ó ní òun ti wá ẹ̀rọ ìránṣọ náà káàkiri ọjà. Ẹni tó rà á ti gbé e lọ sí Zaria, kò sí ẹni tó mọ ilé rẹ̀.

"Mátà, ọmọ mi," ni ìyá Gàníyù wí, "mo lọ́mọ kan ṣoṣo. Mi ò kọ́ ọmọ mi ní irọ́. Mo bẹ̀ ọ́."

"Mo ti gbọ́, mà. Ẹ kú ẹsẹ̀ bàtà," ni Mátà wí. Ó yíjú sí Gàníyù. "Ìwọ náà, mo ti gbọ́. Ẹ máa lọ sílé."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, bàbá rẹ̀ pè é jókòó. "Ọmọ yẹn purọ́ nítorí pé ó fẹ́ ọ," ni ó wí.

"Irọ́ ni irọ́, Bàbá."

"Òótọ́ ni. Mi ò bá ọ jiyàn."

Ọyẹ́ fẹ́ gan-an kí fèrèsé náà tó délẹ̀. Gàníyù fúnra rẹ̀ ló wá so ó mọ́ ògiri. Mátà kò bá a sọ̀rọ̀ ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ, "ẹ" tó fi pè é sì dun ọkùnrin náà ju èébú lọ. Ṣùgbọ́n ó ń wò ó láti kọ̀rọ̀. Ó rí bí ó ṣe ń fi ìka wá ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé yí férémù ká, tó ń fi rọ́bà dí i. Ọkàn rẹ̀ ń fà sí i, inú sì tún ń bí i pé ọkàn rẹ̀ kò ní ìtìjú.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Gàníyù kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ. Bàbá Silas pè é wọlé, ó ní kí ó pa ilẹ̀kùn dé kí àwọn jọ dán an wò. Wọ́n pa á dé.

Mátà wà níta, lẹ́yìn fèrèsé. Ariwo iléeṣẹ́ ń lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó rí bàbá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó rí Gàníyù lórí àpótí. Ó rí ẹnu bàbá rẹ̀ tó ń mì. Kò gbọ́ nǹkan kan. Gíláàsì méjì ló wà láàárín wọn, iṣẹ́ náà sì dára. Bàbá rẹ̀ ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe, Gàníyù ń mi orí. Bàbá náà nawọ́ sí ìta, síbi tí Mátà dúró sí.

Ọ̀rọ̀ òun ni wọ́n ń sọ! Ọkùnrin méjì ló tún ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ òun!

Mátà gbá gíláàsì náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó gbá a, ó tún gbá a. "Ẹ ṣílẹ̀kùn! Ẹ sọ ọ́ níṣojú mi!"

Àwọn náà kò gbọ́ ohun tó ń wí, ṣùgbọ́n wọ́n rí ojú rẹ̀. Gàníyù dìde, ó wá ṣílẹ̀kùn.

"Wọlé," ni ó wí. "Bàbá ń bi mí ní ìbéèrè. Mo ní mi ò ní dáhùn láìsí ìwọ níbí. Orí mi lásán ni mo ń mì."

"Ṣé òótọ́ ni, Bàbá?"

"Òótọ́ ni," ni Bàbá Silas wí, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. "Mo bi í pé ṣé á jẹ́ kí o máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí n pè ọ́. Mo ní kí ló dé. Ó ní sísọ ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́yìn rẹ ti tó gẹ́ẹ́."

Mátà wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bo gbogbo wọn. Bàbá rẹ̀ ń mí, èémí náà sì ń lọ geere.

"Inú ṣì ń bí mi," ni ó wí fún Gàníyù.

"Mo mọ̀."

"Ó lè pẹ́ kó tó tán."

"Àbẹ̀ní, kó pẹ́. Ṣáà jẹ́ kí n wà nítòsí nígbà tó bá ń bí ọ."

"Ohunkóhun tó bá kàn mí, èmi ni kí o kọ́kọ́ bá sọ ọ́. Kì í ṣe bàbá mi, kì í ṣe ìyá rẹ. Bó burú, bó dára."

"Mo gbà."

"Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́?"

Bàbá Silas fọwọ́ pa gíláàsì. "Ìjọ lè yọ mí lóyè díákónì. Mi ò lè ní kí wọ́n so yín pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò sì ní jẹ́ kí wọ́n so yín pọ̀ ní mọ́sálásí. Ẹ lọ sí kọ́ọ̀tù. Màá bá yín lọ."

Òjò ti ń rọ̀ ní Kàdúná nígbà tí ọjọ́ ìgbéyàwó náà pé. Bàbá Silas wọ kóòtù dúdú, ó rìn wọlé pẹ̀lú ọ̀pá. Ìyá Gàníyù wà níbẹ̀, Rashidat akọ̀wé wá, Edith tí òun àti Mátà jọ ń kọ́ni náà wá. Emmanuel dé láìpè, nínú agbádá funfun, ó fẹ́ jókòó níwájú. Bàbá Silas kàn wò ó. Ó lọ jókòó lẹ́yìn.

Ọ̀gá kọ́ọ̀tù bi Gàníyù ní ohun tó yẹ kó bi í, ó dáhùn. Ó wá yíjú sí Mátà.

"Ṣé o gbà láti fẹ́ ọkùnrin yìí?"

Mátà gbé ọwọ́ sókè sí i. Ó kọjú sí Gàníyù.

"Kí n tó sọ̀rọ̀, ṣé nǹkan kan wà tí o mọ̀ tí èmi ò mọ̀?"

Òógùn yọ níwájú orí Gàníyù. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo Bàbá Silas, ó wá wo Mátà.

"Ó wà."

"Gàníyù!" ìyá rẹ̀ ké.

"Wọ́n lé mi níbi iṣẹ́ lánàá. Ẹnì kan ń kọ́lé, ọ̀gá mi ní kí n fi owó lé fèrèsé rẹ̀ fún ẹni tó ń bá a bójú tó o. Mo kọ̀. Wọ́n ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Bí mo ṣe dúró yìí, mi ò ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Mo fẹ́ sọ fún ọ láàárọ̀ yìí, ẹ̀rù bà mí."

Ariwo ta. Edith fọwọ́ bo ẹnu. Emmanuel ti dìde lẹ́yìn: "Ẹ ò rí i! Ṣé mi ò sọ? Ẹ dá a dúró! Ta ni yóò máa bọ́ ọ, Mátà?" Bàbá Silas kò bojú wẹ̀yìn.

Etí Mátà gbóná, ojú rẹ̀ gbóná. "Àtànàá lo ti mọ̀?"

"Àtànàá ni."

"A máa sọ ọ́ nílé," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì le débi pé ọ̀gá kọ́ọ̀tù gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Mátà yíjú sí i.

"Ẹ gbé kálàmù yín, sà. Mo gbà."